IRÚGBÌN ETÍ FÈRÈSÉ

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Máàkù 4:26–29, 1 Kọ́ríńtì 3:6

 

Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbin ata àti tòmátì. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹlòmíràn gba oko kékeré lọ́wọ́ káńsù. Ẹni tó bá ní òun yóò dúró kí ìta gbóná kí òun tó gbìn ín, òtútù yóò tún padà dé kí ata rẹ̀ tó pọ́n. Nítorí náà inú ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀: ata ní oṣù kejì, nítorí kì í yára, tòmátì ní oṣù kẹta, nínú ike kékeré létí fèrèsé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun mẹ́ta tí irúgbìn yìí ń kọ́ wa nípa àwọn ọmọ wa.

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Kí irúgbìn tó hù, ooru ló ń fẹ́; bó bá ti hù tán, ìmọ́lẹ̀ ló kù. Èyí tí kò rí ìmọ́lẹ̀ tó yóò máa ga, ìdí rẹ̀ yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Ó mà ń dàgbà o!" Kì í ṣe ìdàgbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá kiri. Ọmọ lè mọ gbogbo orin ìjọ lórí, kó má sì sí ẹni tó ń ṣí Bíbélì pẹ̀lú rẹ̀ nílé.

Èkejì ni omi. Bí a bá rọ omi jù, tí ilẹ̀ rin gbingbin, ìdí rẹ̀ á rà, á sì wó lulẹ̀ lójijì. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ la fi ń bomi rin ín o! Òbí tó ń fi òfin kún òfin, tí kò fetí sílẹ̀ gbọ́ ti ọmọ, kó ṣọ́ra.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, ìrì dídì ṣì lè bọ́ nínú oṣù karùn-ún. Bí ẹ bá gbé irúgbìn láti etí fèrèsé lọ gbìn síta lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ àti oòrùn nìkan tó láti ba ewé rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ gbé e síta fún wákàtí kan tàbí méjì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò le, á gbé e wọlé lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ará, ẹ wo ìjókòó àwọn ọ̀dọ́ wa, ṣé ó kún? Ọmọ bi wá pé kí ni omi tí a ń gbàdúrà sí wà fún, a ní, "Panu mọ́!" Ó pé ọdún méjìdínlógún, ó lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn, ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan náà, kò rí èsì fọ̀. Ó tijú, kò wá sílé Ọlọ́run mọ́. Àwa sì ń pè é ní ogun ayé. Ogun kọ́ o, a kò jẹ́ kó mọ afẹ́fẹ́ lára ni.

Ẹ jẹ́ kó béèrè nísinsìnyí, tó ṣì lè wọlé bá yín lálẹ́. Ẹ jẹ́ kó ka ẹ̀kọ́, kó ṣíwájú àdúrà, bó tilẹ̀ kọsẹ̀. Ẹ má sì ní ẹ ò ní í jẹ́ kó jáde rárá: irúgbìn tó pẹ́ jù nínú ike, gbòǹgbò rẹ̀ á máa yí po lójú kan.

Afúnrúgbìn inú Máàkù ń sùn, ó ń jí, irúgbìn ń dàgbà, kò mọ bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Tiwa ni ká gbé e jáde, ká gbé e wọlé. Ti Olúwa ni ìdàgbà.

Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, má jẹ́ kí ọmọ wa kankan rọ ní ilẹ̀ àjèjì. Àwọn tó ti lọ, fi ọ̀nà ilé hàn wọ́n. Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, Àmín, Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ