Kànga Ìgbàgbé

Ní Ìgàndó ni mo ti wọ danfó. Mo sọ̀ ní Ìyànà Ìbà, mo tún wọ òmíràn, ó di Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845, tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, mo kàn yọjú wò ó ni. Kànga kan ló gbé mi wá.

Èèyàn á fi ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, á wá fẹsẹ̀ rin iyanrìn lọ sétí òkun. Kànga náà wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú lómi mu níbẹ̀, kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Bóyá omi náà lágbára, mi ò lè sọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹni tó ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ṣì ń bẹ̀rù ohun tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò lè dè. Ọjà ló pè wọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ń fún ọjà lóògùn ìgbàgbé? Oògùn náà ò tilẹ̀ jẹ́: ní Bàhíà àti ní Kúbà, wọ́n ṣì ń pe Ṣàngó, wọ́n ṣì ń pe Yemọja.

Àwọn Àwórì, onílẹ̀ ibi tí mo ń gbé, ní ìtàn omi tiwọn. Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre gbé àwo lé odò, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ibi tó bá rì sí ni kí wọ́n tẹ̀dó. Àwo rì, wọ́n dúró. Gbogbo àwa tá a dé lẹ́yìn wọn ńkọ́, Ìjẹ̀bú, Ìgbò, Ègùn, ará Ìlọrin? Àwọn ọmọ ilé wa ò mọ ìlú ìyá bàbá wọn, kò sì sẹ́ni tó bu omi kànga kankan fún wọn.

Mo fẹ́ kà á sí àdánù. Àmọ́ mo mọ ẹni tó sá fún ọ̀rọ̀ ilé, tó jẹ́ pé Ẹgbẹ́dá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bi í pé ọmọ ta ni ẹ́, ló ti kọ́kọ́ sùn dáadáa. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi ní kó máa rántí?

Afinimọ̀nà bi mí bóyá n ó tọ́ omi náà wò. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Oòrùn ọ̀sán ni, iyanrìn ń jó ẹsẹ̀, ọ̀fun mi sì ti gbẹ láti ìdíkọ̀.