Kì Í Ṣe Àgídìgbo Là Ń Lù fún Ọmọdé

Òwe-òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àgbà ni wọ́n pa òwe yìí fún. Ẹ lu ìlù kan náà fún ọmọ ọdún mẹ́rin, kò ní dúró dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kó tó jó o. Ìdí á ti máa mì kí ọlọ́gbọ́n tó ronú dé ìdajì. Lọ́dọ̀ ọmọdé, ijó ló ń ṣáájú, ìmọ̀ ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi orin àti ijó kọ́ ọmọdé ní ìgbàgbọ́ Kristi, òun gan-an ni kó jẹ́ ọ̀mọ̀ràn inú òwe yẹn. Kó ti mọ ohun tí ìlù ń wí kó tó gbé kọ̀ǹgọ́.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkéréku, ní Akínyẹlé, mo bá àwọn ọmọ kéékèèké lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ànńtí wọn ń kọ́ wọn ní orin ọkọ̀ Nóà. Ohùn orin náà, ti òyìnbó ni. Wọ́n kàn to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí bí ẹni to igi ìdáná ni. Níbi tó yẹ kí ohùn ti sọ̀ kalẹ̀, orin gbé e lọ sókè, ọkọ̀ sì di ọkọ́. Kí ni kí ọmọ àgbẹ̀ ṣe? Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ ebè. Ọ̀kan tilẹ̀ tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó gbé ọkọ́ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ànńtí ń bínú pé wọn ò gbọ́ràn. Wọ́n gbọ́ràn o! Ohun tí orin sọ ni wọ́n ń ṣe.

Àìsàn yìí ti pẹ́ lára wa. Nígbà tí míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì n'Íbàdàn ní 1853, ọmọdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ ìjòyè Olúnlóyọ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó síwájú Anna. Orin ìsìn ìgbà náà, ohùn ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bó sì ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ wa ṣubú kò ká ẹni tó gbé e wá lára. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló tún un ṣe. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ń ṣe orin tó ń bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ, ó sì kọ ọ́ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, ó sì ṣàlàyé pé ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ti àtẹ́wọ́ àti ìlù náà ti tán nílẹ̀: Isaac Akínyẹlé tó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, olórí CAC ni, ìjọ tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n ń lùlù, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún ọmọ Ìbàdàn mọ́ pé àtẹ́wọ́ ò yẹ ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ti yanjú fún àgbà nìyẹn. Àfi kíláàsì ọmọdé, tí fóònù wá ń dá padà sí Kúdẹtì ìgbà Hinderer. Tíṣà á gbọ́ orin òyìnbó kan lórí fóònù ní alẹ́ Sátidé, yóò tú u sí Yorùbá kó tó sùn, ó di àárọ̀ Sọ́ńdè, ọkọ̀ ti di ọkọ́.

Oògùn rẹ̀ ò le. Tíṣà tó mọ dò, re, mí ti mọ ìlàjì. Ọkọ̀: re, dò. Ọkọ́: re, mí. Kó sọ gbólóhùn tó fẹ́ fi kọrin jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí ìgbà tó ń pe ọmọ wálé. Orin á yọ jáde fúnra rẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, kó lọ bá onígangan tó wà ládùúgbò, kó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi ìlù sọ ọ́." Bí ìlù ò bá lè sọ ọ́ kí èèyàn gbọ́, ọmọ náà ò ní gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kọ́. Ijó náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ, ibí yìí sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká mú òwe afúnrúgbìn tí Jésù pa. Mo rí tíṣà kan, lápá Akànràn, tó ní kí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ ju irúgbìn káàkiri. Ọmọdébìnrin kan dúró, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ànńtí, adìẹ á jẹ ẹ́ tán." Òótọ́ ló sọ. Àgbàdo ni irúgbìn tó mọ̀. Lóko bàbá rẹ̀, ọkọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò, wọn á ju hóró méjì-mẹ́ta sínú rẹ̀, wọn á fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ta ló ń da àgbàdo sójú ọ̀nà? Lójú ọmọ yẹn, yálà afúnrúgbìn náà ya ọ̀lẹ ni o tàbí orí rẹ̀ ò pé.

Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìdáhùn wà: afúnrúgbìn ni Bíbélì pè é, kò pè é ní agbìngbàdo. A ní irúgbìn tí à ń fọ́n. Ìyá tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé á po irúgbìn rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ, nítorí ó kéré jọjọ, á bu ẹ̀kúnwọ́, á wá máa gbọ̀n ọ́n dànù díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka. Ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ débẹ̀ mọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n ọ́n yẹn, ó sì mọ̀ pé bó ti wù kéèyàn ṣọ́ra tó, díẹ̀ á bọ́ sójú ọ̀nà. Tíṣà náà yí i padà lọ́sẹ̀ kejì. Òun ló ń dá orin, àwọn ọmọ ń gbè é:

Mo fọ́n ọn, ó bọ́ sọ́nà — adìẹ ṣà á!
Mo fọ́n ọn, ó bọ́ sápàáta — oòrùn jó o!
Mo fọ́n ọn, ó bọ́ sẹ́gùn-ún — ẹ̀gún há a!
Mo fọ́n ọn, ó bọ́ sílẹ̀ rere — ó hù, ó hù, ó hù!

Ní "ṣà á," ìka wọn ń sọ ilẹ̀ bí àgógó adìẹ. Ní "jó o," wọ́n rọ sórí ara wọn bí ewé ọ̀sán gangan. Ní ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n lóṣòó mọ́lẹ̀, wọ́n ń dìde ní "hù" kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi kan ẹ̀ka máńgòrò tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n jókòó. Kò bi wọ́n pé kí ni ó túmọ̀ sí, ọmọ ọdún márùn-ún ò ní ìtúmọ̀ kankan lápò. Ohun tó bi wọ́n ni, "Nígbà tí ẹ rọ yẹn, kí ló ṣe yín?" Ọ̀kan ní òùngbẹ gbẹ òun. Òmíràn ní òun ò ní gbòǹgbò. Èmi tí mo ti gbọ́ ìwàásù lórí òwe yẹn láìmọye ìgbà, mo jókòó, mo ń wò.

Ọmọ kan ò jó lọ́jọ́ náà, ó di igi mú. Ẹ má fà á. Jésù náà ti wo eré ọmọdé lọ́jà, ó mẹ́nu ba àwọn tó fun fèrè fún ẹgbẹ́ wọn tí wọn ò jó. Ó mọ̀ pé ọmọ máa ń kọ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé dáadáa, ẹ fún un ní agogo kó máa lù ú, kì í ṣe kí ẹ fi í ṣọ́ bàtà.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló kù. Mo ń sọ ti ìkórè ọmọdé, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn ọmọ yìí síwájú ìjọ, tí àgbà ń ná wọn lówó níwájú orí, tí ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ ń bú ramúramù. Ọmọ tó bá ti rí náírà níwájú orí lẹ́ẹ̀kan, náírà ló máa jó fún lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò rí ìwúlò rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé owó òrùlé ni wọ́n ń wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orin tó ń fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣẹlẹ́yà. Ẹ kọjá níwájú ilé-kéwú ní Lálúpọn tàbí Ẹ̀rúnmu, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó ń mì síwá-sẹ́yìn lórí wàláà, tí ara ń bá ahọ́n gbé e. Àwọn náà mọ ọgbọ́n yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wa. Àwọn ni wọ́n sì ń bá tiwa ṣe bojúbojú lálẹ́, nígbà mìíràn ọmọ ilé kan náà ni wọ́n.

Ọmọdébìnrin Akànràn yẹn, ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé lọ́dọ̀, Alhaja ni. Ní ọjọ́ kejì Sọ́ńdè orin, mo kọjá lẹ́yìn ilé wọn. Ìyá ń fọ́n irúgbìn ewédú, ọmọ tẹ̀ lé e, ó ń kọrin, ó ti fi ìlà tirẹ̀ kún un, níbi tí ewúrẹ́ ti wọlé jẹ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì, ó ní, "Ìyá, ṣé ilẹ̀ rere lẹ fọ́n ọn sí?"

Ìyá ò gbójú sókè. "Bó bá hù, wàá rí i. Lọ lé adìẹ yẹn."