TA NI Ó YẸ KÍ Ó DÁNÁ NÍNÚ ILÉ?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran tàbí ti àlá. Ọ̀rọ̀ ìkòkò àti ààrò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ìbéèrè náà nìyí: Ṣé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni oúnjẹ sísè? Bí ọkùnrin bá wọ ilé ìdáná, ṣé ó ti sọ ipò rẹ̀ nù ni? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe.

Ní ọdún 2003, ìyá àwọn ọmọ mi bí ọmọ wa kẹrin. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Dókítà sọ ọ́ sí mi létí pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò sì gbọdọ̀ di ọmọ odó mú, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé. Mo ní mo ti gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn ìyá ìjọ ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n àsìkò ebè kíkọ ni, kálukú padà sí oko rẹ̀, èmi náà sì lọ sí tèmi. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sórí àga mi bí mo ti máa ń jókòó. Iyán dé, ọbẹ̀ dé. N kò béèrè ẹni tó gún un. Mo jẹ, mo mu omi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti kó abọ́ ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀. Ojú abẹ ti là.

Lóru ọjọ́ náà ni a gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ wá, kò kú. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ọkàn mi ń bá mi wí: o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún oúnjẹ, o kò wo ojú ẹni tó fi ara rẹ̀ sè é.

Nígbà tí a padà délé, èmi ni mo dáná. Ẹ̀bà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀, kókó ni gbogbo rẹ̀. Ọbẹ̀ jóná, àwọn ọmọ ń wojú ara wọn. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi gbọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó rẹ̀ ti fún un jẹ.” Bàbá àgbà kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n wá gba àdúrà ìtúsílẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Bí ẹ bá ti gbàdúrà tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò gún iyán alẹ́.”

Ṣùgbọ́n ààrò kọ́ mi ní ohun kan tí n kò mọ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti ń jẹun, n kò mọ ohun tó ń kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìgbà tí mo di ẹni tí ń bu oúnjẹ ni mo tó rí i. Bàbá á gba ẹran tó tóbi. Àlejò á gba tirẹ̀. Àwọn ọmọ á gbà. Ẹni tó sè é, omi ọbẹ̀ ló máa fi jẹ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ aboyún ni, tàbí ó ń fún ọmọ lọ́yàn, òun gan-an ni ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ jù lọ. Ogún ọdún ni ọkùnrin lè fi jẹun nínú ilé kan kí ó má mọ èyí, nítorí kò fi ojú kan inú ìkòkò rí.

Ẹ wo ìlú wa Ìdáàṣà, tí ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Ọlọ́run kò fi oúnjẹ dù wá. Iṣu wà, ẹ̀wà wà, ẹ̀pà àti sọ́yà wà, ẹ̀gúsí wà. Àwọn Fúlàní ń gbé wàrà wá. Gàrí Savalou kò jìnnà sí wa, ọjà Glazoué náà kò jìnnà. Kí ló wá dé tí ilé mìíràn fi ń jẹ iṣu àti ata nìkan láti Mọ́ńdè dé Sátidé? Òṣì nìkan kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sáré. Ó lọ sóko bíi ti ọkọ rẹ̀, ó ru igi bọ̀, ó pọn omi, ó wẹ ọmọ, kí ó tó kan ìkòkò. Ẹ̀wà ń fẹ́ àkókò. Ẹ̀fọ́ ń fẹ́ ẹni tí yóò já a, tí yóò fọ̀ ọ́. Ẹni tó ti rẹ̀ á ju mágí mẹ́ta sínú omi ata, á pè é ní ọbẹ̀. Iyọ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú mágí. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kí ó tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan. Iyọ̀ àjẹjù ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹun tó dára, kí ó fi ọwọ́ kún un. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀yin ará, èéfín ńkọ́? Àjọ yìí kan náà ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní gbogbo ayé ní ọdún 2020. Ta ló ń fa èéfín náà símú? Ìyá ni, àti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ.

Àwọn kan yóò ní, “Àṣà wa kọ́ nìyẹn.” Mo bi yín léèrè: ta ló ń sun iṣu jẹ ní ahéré oko? Ta ló ń se ẹran ìgbẹ́ nínú igbó ọdẹ? Láyé àwọn Faransé, ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kúkù ilé òyìnbó, wọ́n sì ń fi yangàn. Bí wọ́n bá san owó fún ọkùnrin, sísè kì í ṣe ìtìjú. Bí ó bá di ti ìyàwó ẹni lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá di èèwọ̀! Àṣà kọ́ nìyẹn. Ìgbéraga ni.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Èmi ni olórí ilé.” Ó dára. Ẹ ka Ìwé Jòhánù orí kọkànlélógún. Lẹ́yìn àjíǹde, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti pẹja títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti rẹ̀ wọ́n, ebi ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bá iná èédú, ẹja lórí rẹ̀, àti búrẹ́dì. Ta ló dáná náà? Jésù ni. Kò ránṣẹ́ pe Màtá. Ábúráhámù náà, ẹni ọdún 99, nígbà tí àlejò mẹ́ta dé, Sárà ló po ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ mú ọmọ màlúù wá, ó sì dúró tì wọ́n bí wọ́n ti ń jẹun. Bí ẹni tó ga jù wá lọ bá lè ṣe èyí, kí ni ipò tiwa?

Òfin ìjọba wa pàápàá, òfin ẹbí tó jáde ní 2004, sọ pé ọkọ àti aya gbọ́dọ̀ ran ara wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí: ẹni tó ń jẹ ni iṣẹ́ sísè kàn. Kò pọn dandan kí a pín in dọ́gba bí ẹni wọn àgbàdo. Ìyàwó mi mọ ọbẹ̀ sè jù mí lọ títí dòní. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gún iyán, èmi ni mò ń la igi, èmi ni mò ń se oúnjẹ Sátidé, àwọn ọmọkùnrin wa sì ń fọ ìkòkò bí àwọn arábìnrin wọn. Nígbà tí a bá ń bu oúnjẹ, ti alásè ni a kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹran rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, bí ọkọ bá wọlé wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ má fi ẹ̀rín lé e jáde. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má sọ pé wọ́n ti di ọmọ yín mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ kọ́ ọ nísinsin yìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ bíi tèmi.

Aṣọ funfun ni à ń wọ̀ lọ síwájú Ọlọ́run. Eérú ààrò kì í bà á jẹ́, omi àti ọṣẹ tó fún un. Ìmọ̀-tara-ẹni-nìkan ló ń ba ti inú jẹ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́.

Kí Olúwa bù sí ìkòkò wa, kí ó fún ọwọ́ tó ń sè é ní okun, kí ó sì la ojú àwa tí ń jẹ ẹ́. Àmín.