Owó Ẹ̀kọ́ àti Gbèsè Ẹ̀kọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a ń fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun máa bi ara wa: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti san iye tí a ní kí ó san, ǹjẹ́ ó ti san gbogbo ohun tí ó jẹ olùkọ́ rẹ̀? Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà dáhùn. Àwọn kan ní ọjà ni ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ti sanwó ọjà, gbèsè tán lọ́rùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìmọ̀ kọjá ohun títà, wọ́n ní olùkọ́ tòótọ́ kò gbọdọ̀ dárúkọ owó rárá. Ní èrò tèmi, ìdáhùn méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tí ń rin ìrìn àjò lọ kọ́ ìjà ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere.

Capoeira ni orúkọ ìjà náà. Ìjà ni, ijó ni, eré sì ni pẹ̀lú. Ẹni méjì yóò wọ inú agbo, àwọn yòókù yóò yí wọn ká, wọn yóò máa kọrin, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́. Berimbau, ohun èlò olókùn kan ṣoṣo tí ó dà bí ọrun ọdẹ tí a so akèrègbè mọ́, ni yóò máa darí wọn. Àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà, pàápàá jù lọ àwọn ará Àǹgólà, ni a gbà pé ó gbé gbòǹgbò rẹ̀ dé ibẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn ọmọ ìyá wa tí a ń pè ní Nàgó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Bàhíà, tí ìsìn òrìṣà sì gbilẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ ohun ẹlòmíràn di tiwa.

Lóde òní, àlejò láti Yúróòpù, láti Amẹ́ríkà àti láti Jàpáànù ń lọ kọ́ ọ níbẹ̀. Wọn a san owó ọkọ̀ òfurufú, owó ilé, owó oúnjẹ, owó aṣọ funfun, àti owó ẹ̀kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, owó tún ń bẹ fún ayẹyẹ tí a ti ń gba okùn ìgbànú tuntun. Ìnáwó ńlá ni fún ẹni tí ó ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í dé ọwọ́ olùkọ́. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, àwọn kan ti fi ara san án. Ní 1888 ni a fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì. Nígbà tí ó di 1890, òfin ka capoeira sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí a bá bá nídìí rẹ̀ ní ìgboro lè ṣẹ̀wọ̀n láti oṣù 2 títí dé oṣù 6. Síbẹ̀ àwọn àgbà kò jẹ́ kí ó parun. Ní 1932 ni Manuel dos Reis Machado, tí a mọ̀ sí Mestre Bimba, èyí ni Ọ̀gá Bimba, dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Salvador. Ìjọba fọwọ́ sí i ní 1937. Ní 1941, Vicente Ferreira Pastinha dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ka tí a ń pè ní Capoeira Angola.

A bí Pastinha ní 1889. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ọmọkùnrin kan tí ó ju òun lọ a máa lu òun. Bàbá arúgbó kan tí ó ti Áfíríkà wá, Benedito, ń wò ó láti ojú fèrèsé. Àánú ọmọ náà ṣe é, ó pè é, ó sì kọ́ ọ ní ìjà. Nínú ìtàn náà, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbowó. Kíkọ́ ẹlòmíràn ni Pastinha fi san gbèsè náà. Ní 1966, ó bá àwọn aṣojú Bràsíìlì lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, a ní kí ó kó kúrò nínú ilé tí ó ti ń kọ́ni ní Pelourinho, nítorí pé a fẹ́ tún un ṣe. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ilé náà di ilé oúnjẹ. Ojú rẹ̀ fọ́, òṣì ta á, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kú ní 1981. Bimba náà fi Salvador sílẹ̀ ní 1973, ó lọ sí Goiânia láti wá ìtura. Ní 1974 ni ó kú níbẹ̀ láìrí ìtura náà. Ní 2014, UNESCO ka agbo capoeira mọ́ àjogúnbá gbogbo ọmọ aráyé.

Ẹ wá wò ó: ta ni yóò wo irú ikú bẹ́ẹ̀ tí yóò tún sọ pé kí olùkọ́ má gbowó? Àwa náà ti gbọ́ ọ rí ní ilẹ̀ yìí pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ẹni tí ó bá ń wí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ó ń wá. Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. N kò tilẹ̀ rí ẹ̀bi olùkọ́ tí ó gba owó tí ó pọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, bí ó bá sọ iye rẹ̀ síta láìfi irọ́ pa mọ́, tí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ rí ààyè kọ́ ọmọ tálákà àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó burú ni kí a purọ́ fún àlejò, tàbí kí a ta okùn ìgbànú fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjà ni ẹ̀kọ́ lè wí pé, “Olùkọ́ ni ó dá iye lé e, a san án, kí ló kù?” Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ebi ń pa kì í lè dá iye tí ó tọ́ lé ọjà rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, wákàtí olùkọ́ ni owó náà rà. Kò ra ẹ̀wọ̀n tí àwọn ará ìṣáájú ṣe. Kò ra sùúrù àgbà tí ó rí ọmọ tí ń sunkún tí ó sì pè é wọlé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí lórí àtẹ, síbẹ̀ àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ sílé.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣàì padà wá kí ọ̀gá lọ́dún. Ohun tí ó wà lọ́rùn àlejò tí ó lọ kọ́ ìjà náà nìyẹn. Bí ó bá padà sílé tí ó sì ń kọ́ni gbowó, kí ó máa dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ àti àwọn tí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ wọn wá. Nígbà tí ọ̀gá bá sì darúgbó, kí ó rántí rẹ̀ nínú ohun tí ó ń rí. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń jẹ nínú iṣẹ́ Pastinha lónìí. Òun ni kò rí ọmú mu.

Nítorí náà, kí olùkọ́ gbowó rẹ̀ láìtijú, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì san án láìkùn. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ìwé ẹ̀rí owó tí ó gbà ti pa gbèsè rẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ìbáà jẹ́ pé ó san owó ìwọlé kí ó tó wọlé.