Ẹ̀bi Ẹranko Ni, Tàbí Ẹ̀bi Àgò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti fún ẹranko inú àgò ní oúnjẹ àti omi, tí ọwọ́ ọdẹ kò sì lè tó o mọ́, kò tún sí ohun tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èmi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, a kó àwọn ọmọ wa láti Ìgàndó lọ sí ọgbà ẹranko kan. A bá kìnnìún kan tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lẹ́bàá irin. Bí ó bá dé igun, a yí padà, a sì tún tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dán. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ó ń wá?” Mo dáhùn pé ọba ẹranko ni ó ń yan fanda. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi òun. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó kà á pé ẹranko tí kò rí nǹkan ṣe ni ó máa ń rìn bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ríran jù mí lọ.

Nínú igbó, kìnnìún a máa sùn púpọ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ní òru a dìde, a ṣọdẹ, a ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀, a sì máa gbé láàárín ẹbí. Àgò kò mú ìfẹ́ nǹkan wọ̀nyí kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà láti ṣe wọ́n ni ó dí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, kìnnìún kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pa ẹni tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ikú ọkùnrin náà dun ni púpọ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá pe ẹranko náà ní aláìmoore, èmi kò gbà. Ìmoore jẹ́ májẹ̀mú láàárín ẹni méjì tí ó ní òmìnira. Ẹni tí kò lè lọ kò bá wa dá májẹ̀mú kankan.

Ǹjẹ́ kí a ti gbogbo ọgbà ẹranko pa ni? Rárá o, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè ṣe é dáradára. Ní 1907, Carl Hagenbeck ṣí ọgbà kan lẹ́bàá Hamburg ní Jámánì, ó fi yàrà jíjìn rọ́pò irin àgò, àwọn ẹranko sì rí àyè. Àwọn olùtọ́jú òde òní fi kún un: wọn a fi oúnjẹ pamọ́ kí ẹranko lè wá a kiri, wọn a ṣe ibi tí yóò sá sí bí ojú ènìyàn bá sú u, wọn a sì fún un ní ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó má ṣe sin ẹranko igbó rárá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí yóò fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ọ̀bọ tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà mẹ́káníìkì, tí ó ń fa irun ara rẹ̀ tu, tí ó sì ń gé ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe sọ ọ́ lókò, ẹ má sì ṣe pè é ní ẹranko burúkú. Ẹ kọ́kọ́ wo bí okùn rẹ̀ ti kúrú tó.