Ṣé Ó Yẹ Kí Èèyàn Jẹ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì?

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní Ìfàkò-Ìjàyè, owó mi sọnù. Mo pe àbúrò mi lólè, n kò sì jẹ́ kó fèsì. Bàbá àgbà pa rédíò wọn: "Ṣé ìwọ náà ti di asọ̀rọ̀mágbèsì?"

Wọ́n ní láti 1935 ni àpótí ara ògiri ti ń gbé ohùn Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ lórí rédíò. Wọn kò gbà kí Awólọ́wọ̀ fèsì. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀.

Rédíò kò létí, èmi ní. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Inú ìwé mi ni mo ti rí owó náà. Ẹ̀gbọ́n ni mí, síbẹ̀ mo bẹ àbúrò mi.