Obìnrin Tí Ó Tan Fìtílà

Ibi kíkà: Lúùkù 15, ẹsẹ 8 sí 10



Nínú ẹsẹ tí a kà, Olúwa wa sọ ti obìnrin kan tí ó ní owó fàdákà mẹ́wàá, tí ọ̀kan sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ilé. Gbogbo wa ni a fẹ́ràn ìparí ìtàn náà, bí ó ti pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun yọ̀. Àárín rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò lónìí. A kò gbọ́ pé obìnrin yìí ké sí àdúgbò kí ó tó wá owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ pé ó nàka sí ẹnikẹ́ni. Ó tan fìtílà, ó gbá ilé, ó sì wá owó náà gidigidi títí ó fi rí i.

Ohun tí ó mú wa yan ẹsẹ yìí ni ọ̀ràn kan tí ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ilé báyìí. Ìyá tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ń fi í kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá, láti ìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Edo ti gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì kúrò lórí bébà sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2022, ń gbé iṣẹ́ wálé. Lójijì, ẹ̀rọ náà yóò dúró gbagidi. Ọfà ojú rẹ̀ kò ní mira mọ́, a ó tẹ kíbọ́ọ̀dù títí, kò ní dáhùn. Àwọn ọmọ wa a máa ní ó ti “háńgì.” A ó pa á, a ó tún un tàn, yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò sì tún dúró.

Ìgbà náà ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá yóò ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó fi fíìmù bà á jẹ́. Bàbá yóò ní àbúrò ìyàwó òun ni. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ ní àwọn ọ̀tá ọ́fíìsì ni ó tẹ̀lé òun dé ilé. Òmíràn yóò yọ owó oṣù ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdí ẹ̀rọ náà wò rárá. Ẹ mọ òwe tí àwọn àgbà ń pa, pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè fi gba owó lọ́wọ́ aláìní. Pé ọmọ náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lánàá, tí kọ̀ǹpútà sì dákú lónìí, ìyẹn kò tíì di ẹ̀rí.

Ẹ gbọ́ bí àwọn kan ti ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ńlá kan tí a ń pè ní Mark II kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti apá kan dé èkejì, títí wọ́n fi bá kòkòrò kékeré kan, irú èyí tí ń fò yí fìtílà ká lálẹ́, tí ó há sínú ẹ̀yà kan. Wọ́n lẹ kòkòrò náà mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n rí i àti ibi tí wọ́n ti rí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Washington ni ìwé náà wà. Ẹ̀rọ tí ó tóbi tó yàrá odidi, kòkòrò kékeré ni ó dá a dúró!

Báwo ni àwa náà yóò ṣe tan fìtílà? Kí a tó gbá ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kó owó mẹ́sàn-án tí ó kù síbi tí kò séwu. Ẹ da àwọn àkọsílẹ̀ yín kọ sórí fláàṣì tàbí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì fi í sí ibòmíràn, kì í ṣe inú àpò kọ̀ǹpútà kan náà. Èyí ni a fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ. Bí ó bá jẹ́ pé dísìkì inú rẹ̀ ni ó ń kú lọ, títàn tí ẹ tún tàn án lọ́la lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì ń gbọ́ ìró kà-kà-kà láti inú rẹ̀, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé àjọ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kì í ṣe owó yín ni ó wà níbẹ̀. Owó ìyá eléwé ni, owó ilé ìwé ọmọ opó ni. Tí ó bá run, kí ni ẹ ó fi hàn wọ́n?

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé àti gègé. Nígbàkúùgbà tí ó bá dúró, ẹ kọ wákàtí sílẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, bóyá iná ìjọba ni tàbí jẹnẹrétọ̀, àti bóyá ara ẹ̀rọ gbóná. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ìwé yìí yóò sọ̀rọ̀ ju gbogbo ẹni tí ń fura lọ.

Bí ó bá dúró, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ṣì ń gbọ́ràn, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá jẹ́ Windows ni ẹ ń lò. Yóò fi hàn yín èwo nínú iṣẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń jẹ agbára gbogbo. Bí RAM, èyí tí ó dà bí orí tábìlì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ lé, bá ti kún, ẹ pa díẹ̀ nínú ogún ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣí kalẹ̀. Ẹ wò ó bóyá dísìkì kún dé etí. Ẹ wò ó bóyá ọdẹ méjì ni ẹ gbà láti máa ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, nítorí àwọn méjèèjì a máa bá ara wọn jà. Bí kò bá gbọ́ràn rárá, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpaná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kí ìyẹn jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Ní ti ooru, ẹ mọ eruku pupa Bìní yìí, ẹ sì mọ ohun tí ọyẹ́ ń gbé wá. Inú fáànù kọ̀ǹpútà ni ó ń lọ dì sí. Ẹlòmíràn yóò tún gbé e lé orí tìmùtìmù, a ó sì dí ihò tí ó fi ń mí. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà, kí ẹ di abẹ́ fáànù mú kí ó má yí. Bí ìwé yín bá sọ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ó ń dúró, nígbà tí iná rẹlẹ̀ púpọ̀ sí òṣùwọ̀n 230 fóòtì, sitẹbiláísà ni ẹ ó kọ́kọ́ rà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ọ̀nà kan tún wà láti tàn án tí a ń pè ní Safe Mode, tí ìwọ̀nba iṣẹ́ tí kò ṣeé má ní nìkan yóò jí. Bí ó bá fara balẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe wà nínú ohun tí a gbé sínú rẹ̀. Ẹ yọ èyí tí ẹ gbé sí i gbẹ̀yìn kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dúró níbẹ̀ náà, ara ẹ̀rọ gan-an ni kí á yẹ̀ wò. Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò yọ ọ̀kan, yóò dán èkejì wò.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ṣe é. Àwọn kan ń bẹ tí wọn kò ní wádìí ohunkóhun, ṣe ni wọn yóò nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà kúrò tí wọn yóò tún Windows gbé sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí yóò tún dúró, nítorí eruku ṣì wà nínú fáànù. Ẹ̀yin ará, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbàdúrà. A ń wí pé kí Olúwa dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ jì wá, a kò sì dárúkọ ẹyọ kan. Òṣùwọ̀n èké tí ó wà lábẹ́ tábìlì wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa bí ẹni tí ó ní kí a má gbàdúrà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbàdúrà, pàápàá fún ẹnu yín ní wákàtí tí ẹ̀rọ dúró. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yín dání, kí ẹ sì ní kí ó fi àrùn náà hàn yín kí ẹ tó sanwó ẹ̀yà tuntun. Bí ti yín bá sì jẹ́ tókunbọ̀ àtijọ́ tí ń lo Windows 10, ẹ rántí pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí owó àtúnṣe má baà ju iye ẹ̀rọ lọ.

Obìnrin inú Lúùkù pe àwọn aládùúgbò nígbà tí ó rí owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí eruku nínú fáànù lẹ́yìn tí ó ti yọ owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀, kí òun náà pe àwọn tí wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn náà, kí ó fi eruku hàn wọ́n, kí ó sì ka owó ọmọ náà lé e lọ́wọ́ lójú wọn.